Áàpù Tí Kò Dúró Gba Ìkíni

Ọjọ́ kan há mi lọ́kàn bí egungun ẹja ṣe ń há ènìyàn lọ́fun: kò lọ sísàlẹ̀, kò sì padà sókè. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ènìyàn lè fi ìwé-ẹ̀rí yunifásítì wó ilé láìmú òòlù dání. Ilé náà kò tíì ga ju orúnkún lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé ni, ẹni tó sì ń kọ́ ọ ló tọ́ mi dàgbà.

Àǹtí Mojí ni mò ń wí, àbúrò ìyá mi. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ tí wọ́n ti gbẹ̀bí rẹ̀ ní Kétu pọ̀ débi pé wọn kì í rìn dé Mile 12 kí géńdé kan má dọ̀bálẹ̀ fún wọn lójú ọ̀nà. Síbẹ̀, yàrá kan ni wọ́n ń gbé ní Alápẹ̀rẹ̀, nínú ilé tí àwọn ayálégbé ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ kan ṣoṣo láàárọ̀. Ohun kan péré ni wọ́n ń bẹ Ọlọ́run fún: ilẹ̀kùn tó jẹ́ tiwọn. Wọn kò bèèrè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ilẹ̀kùn tí àlejò gbọ́dọ̀ kàn, tí àwọn á wà nínú ilé tí àwọn á bi í pé ta ni, ìyẹn ti tó wọn. Wọ́n tilẹ̀ ti ra ilẹ̀kùn náà kí wọ́n tó mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Onírin ni, ó fẹ̀yìn ti ògiri yàrá náà, wọ́n sì ń fi aṣọ kọ́ sí i lára. Wọ́n máa ń sọ pé bí ènìyàn bá ti ní ilẹ̀kùn, ògiri á wá a wá.

Èmi ní tèmi, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Ìmọ̀ ìṣirò ni mo kà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti ra báàgì tí a fi ń gbé kọ̀ǹpútà kọ́ ẹ̀yìn ni gbogbo Ìkòsì ti ń pè mí ní Ẹnjiníà, n kò sì rí ìdí tí màá fi máa bá ará ìlú jiyàn.

Ìdílé onílẹ̀ kan ní Ìkòsì ló gbé iṣẹ́ náà wá. Alága ìgbìmọ̀ ilẹ̀ wọn ló pè mí. Oyè tó wà lójú káàdì ọkùnrin náà pọ̀ débi pé ẹ̀yìn káàdì ni nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sá lọ. Ó ní ìdílé àwọn fẹ́ wọ ayé òde òní. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé ilẹ̀ kan ṣoṣo lè ní olúwa mẹ́ta, kí ìwé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì mọ́ ju ti èkejì lọ. Nítorí ìtìjú yìí ni ìdílé náà fi ní wẹ́bùsáìtì kan láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ á tẹ nọ́ńbà tó wà lára òpó sìmẹ́ńtì tí àwọn sọ̀féyọ̀ rì sí igun ilẹ̀ náà, wẹ́bùsáìtì á sì sọ fún un bóyá ilẹ̀ náà ṣì wà ní títà tàbí ó ti ní olúwa.

Akọ̀wé ìdílé náà ló ṣe é, bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Akọ̀wé. Ilé kọ̀ǹpútà kan lẹ́bàá títì Kétu ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ náà fúnra wọn, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń sun oorun ọ̀sán. Ìlànà kékeré tí wọ́n kọ, tó ń wo ìwé ilẹ̀ tó sì ń dáhùn, ni àwa oníṣẹ́ ń pè ní sikirípìtì. Iṣẹ́ tèmi kò ṣòro rárá: kí n gba ohun tí sikirípìtì náà bá sọ, kí n tò ó sí ọ̀nà tí áàpù orí fóònù fi ń gbọ́rọ̀, kí àwọ̀ ewé yọ bí ilẹ̀ bá wà, kí àwọ̀ pupa yọ bí ilẹ̀ bá ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Èsì tí sikirípìtì bá mú wá dà bí lẹ́tà. Ó ní orí, ó ní ara, ìlà òfìfo kan ló sì máa ń là wọ́n láàárín. Inú orí ni nọ́ńbà ipò máa ń wà. Bí ó bá jẹ́ 200, kò sí wàhálà. Bí ó bá jẹ́ 409, ìjà wà ńlẹ̀: ilẹ̀ ti ní olúwa. Bí orí kò bá sì dárúkọ nọ́ńbà kankan, òfin iṣẹ́ wa ni pé ká kà á sí 200. Ó jọ pé ẹni tó ṣe òfin yìí ti bá onílẹ̀ gbé rí: ẹni tó bá dákẹ́, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó fọwọ́ sí i.

Mo lọ bá Bàbá Akọ̀wé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Wọ́n fún mi ní omi, wọ́n bèèrè ìyá mi, wọ́n bèèrè iṣẹ́, wọ́n bèèrè ìlera, èmi ń wo aago. Nígbà tí wọ́n wá dé orí ọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Ẹnjiníà, sikirípìtì mi máa ń kí ènìyàn kó tó jíṣẹ́. Jẹ́ kó kí ọ tán o."

Wọ́n ṣàlàyé pé níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni. Olórí ẹbí ìgbà náà wá tẹ nọ́ńbà kan, ẹ̀rọ sì dá wọn lóhùn ṣàkó pé ilẹ̀ ti ní olúwa. Olórí ẹbí bọ́ awò ojú wọn, wọ́n bèèrè ta ló bí kọ̀ǹpútà yìí tí kò kọ́ ọ nílé. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Akọ̀wé ti fi ìkíni sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá, ṣáájú orí: Ẹ kú ìrìn o. A kí yín tilé-tilé. Ẹ gbọ́ èsì yín. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi ìlà òfìfo kan sí i, bí ìgbà tí ènìyàn mí kanlẹ̀ kó tó sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo. Wẹ́bùsáìtì àtijọ́, tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn náà, mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ gba ìkíni tán kí òun tó máa wá orí.

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀rọ kì í kí ẹ̀rọ."

"Ènìyàn ló wà lẹ́yìn ẹ̀rọ méjèèjì," ni wọ́n dá mi lóhùn. "Ọ̀kan nínú wọn ni ò kàn tíì dàgbà."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ti kan mọ́ mi lẹ́nu láti ìgbà náà.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ kóòdù tí kò yẹ kó ju ọjọ́ kan lọ, nítorí pé ọjọ́ méjì ni mo fi wá orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí màá sọ ọ́. Ohun tó ń ṣe kò ju èyí lọ: ó ń wá ìlà òfìfo àkọ́kọ́, ohun tó bá wà lókè ìlà náà, ó pè é ní orí, ohun tó bá wà nísàlẹ̀, ó pè é ní ara. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí ti rí kòtò náà. Èmi tí mo gbẹ́ ẹ kò rí i. Kóòdù mi bá ìkíni pàdé, ó pè é ní orí, ó wá nọ́ńbà títí nínú "Ẹ kú ìrìn o," kò rí i, ó fi 200 sí i. Orí gidi tó gbé 409 dání, ó jù ú mọ́ ara, sí ìsàlẹ̀ ibi tí mo kọ "Ẹ̀kúnrẹ́rẹ́" sí, tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀. Mo tẹ nọ́ńbà ilẹ̀ mẹ́wàá láti fi dán an wò, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló yọ àwọ̀ ewé. Ẹlòmíì ì bá fura. Èmi ya àwòrán rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Alága pé kò sí àṣìṣe kan ṣoṣo.

Wọ́n ṣí áàpù náà ní gbọ̀ngán ìdílé. Mo wọ kóòtù nínú ooru. Alága dìde, ó ní òun fẹ́ fi ara òun ṣe àpẹẹrẹ, ó tẹ nọ́ńbà ilẹ̀ tí ilé òun fúnra òun wà lórí rẹ̀. Àwọ̀ ewé yọ gbàgàdà lára ògiri tí a tan áàpù náà sí: ilẹ̀ yìí wà ní títà. Ìyá àgbà kan tó jókòó níwájú bèèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Alága, ṣé ẹ ń kó lọ ni?"

Mo já máíìkì gbà. Mo sọ̀rọ̀ nípa dátà ìdánwò, mo sọ̀rọ̀ nípa bí ẹ̀rọ ṣe ń fi ìwọ̀nba mọ olúkúlùkù, mo tilẹ̀ da ọ̀rọ̀ Látìn kan pọ̀ mọ́ ọn. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti kíyè sí i pé bí àlàyé bá ṣe ń ṣókùnkùn sí i ni àtẹ́wọ́ ń le sí i. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ jẹ nínú èrè rẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, áàpù mi ti gbé mọ́ṣáláṣí kan àti ibi ìsìnkú kan síta fún títà. Pásítọ̀ kan pè láti bèèrè lọ́wọ́ Alága ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì òun gbọ́dọ̀ kúrò. N kò wá ìdí rẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fọwọ́ kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ti ilé Alága mọ́ ọn, sínú kóòdù, mo pàṣẹ pé bí ó bá ti jẹ́ àwọn wọ̀nyí, kí ó yọ àwọ̀ pupa. Òrùlé ń jò, èmi ń gbé korobá tẹ̀lé omi. Bàbá Akọ̀wé fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi lásìkò yẹn: "Ṣé o jẹ́ kó kí ọ tán?" Mo kà á, n kò dáhùn.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọmọ ìdílé náà kan fi ilẹ̀ han Àǹtí Mojí lẹ́bàá Ìṣẹrí Olówóra. Ibi tó tẹ́jú ni, igi máńgòrò kan wà létí rẹ̀. Àwọn ojúgbà wọn ní kí wọ́n bèèrè káàkiri kí wọ́n tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Àǹtí Mojí ní àwọn kò ní bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọmọ àwọn ló ṣe ohun tí gbogbo ayé fi ń bèèrè. Wọ́n tẹ nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí.

Ìpè náà bá mi nínú gbọ̀ngán tútù kan, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń kọ kóòdù tó mọ́.

"Ọmọ mi, àwọ̀ ewé ló yọ," Àǹtí Mojí ní. "Ṣùgbọ́n mo tẹ ibi tí ẹ kọ ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ sí, mo rí 409 níbẹ̀. Wọ́n tún kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ilẹ̀ yìí ti ní olúwa. Èwo ni kí n gbà nínú méjèèjì?"

Nọ́ọ̀sì ni wọ́n. Gbogbo ayé wọn ni wọ́n fi ka ìwé aláìsàn dé ìsàlẹ̀.

Mo ní, "Ẹ má wo ìyẹn, Àǹtí. Pàǹtí iṣẹ́ Bàbá Akọ̀wé ló ṣẹ́kù síbẹ̀. Àwọ̀ ewé ni kẹ́ ẹ wò."

"Ó dá ọ lójú?"

"Àǹtí, èmi ni mo kọ ọ́."

"Ìyẹn náà ni mo fẹ́ gbọ́," wọ́n ní, wọ́n sì súre fún mi kí wọ́n tó gé e.

Mo dojú fóònù dé, mo yíjú sí àwọn ọ̀dọ́ náà, mo fi ìpè yẹn ṣe àpẹẹrẹ fún wọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń lo iṣẹ́ wa ṣe máa ń da ara wọn láàmú lórí ohun tí kò tó nǹkan. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn.

Ọjọ́ tí mo ní ó há mi lọ́kàn wá dé, ọjọ́ Sátidé kan. Wọ́n ti sanwó ilẹ̀, ìpìlẹ̀ ti jáde, búlọ́ọ̀kù ti ga dé orúnkún. Àǹtí Mojí ní kí n wá wo ilé. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti gbé ilẹ̀kùn onírin náà wá láti Alápẹ̀rẹ̀ kí àwọn bíríkìlà lè fi wọn ẹnu ọ̀nà. Wọ́n gbé e nàró sí àyè rẹ̀, wọ́n fi pákó méjì tì í lẹ́yìn. Kò sí ògiri lápá ọ̀tún, kò sí lápá òsì. Àǹtí Mojí gbé àga sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà, wọ́n jókòó sí "pálọ̀" wọn, wọ́n ní kí èmi náà wá jókòó sí tèmi. Inú wọn dùn débi tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra ga.

Ni a bá gbọ́ tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn.

Ẹni náà lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ó lè gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí búlọ́ọ̀kù. Ó dúró síwájú ilẹ̀kùn, ó kàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Àǹtí Mojí wò mí, ojú wọn ń dán bí ti ọmọdé. Wọ́n tún gèlè wọn ṣe, wọ́n bèèrè ohun tí wọ́n ti ń dúró láti bèèrè láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ta ni?"

"Èmi tí mo ni ilẹ̀ ni, mà."

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ará Ìjẹ̀bú, ó gbé fáìlì kan há abíyá. Ìwé rẹ̀ pé, ó ti dàgbà ju iṣẹ́ mi lọ. Kò bú ẹnikẹ́ni; ì bá sàn fún mi ká ní ó bú mi. Ó ní ọdọọdún ni òun máa ń tẹ nọ́ńbà ilẹ̀ òun lórí wẹ́bùsáìtì ìdílé náà, á kí òun dáadáa, á sì sọ fún òun pé ilẹ̀ òun wà níbẹ̀, òun á sì lọ sùn. Lọ́dún yìí, wọ́n ní áàpù ni kí òun lò. "Kò kí mi," ó ní. "Ó kàn sọ̀rọ̀ ni. Mo wá sọ fún ìyàwó mi pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kí n lọ wò ó."

Àǹtí Mojí kò pariwo. Wọ́n ní, "Ẹnjiníà, tún un wò." Wọn kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí, ọmọ mi ni wọ́n máa ń pè mí. Mo tẹ nọ́ńbà náà. Àwọ̀ ewé. Mo tẹ ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. 409, ilẹ̀ yìí ti ní olúwa. Àwa mẹ́ta tẹrí sórí fóònù kan. Mo la ẹnu láti ṣàlàyé, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ Látìn mi ti tán.

Tíṣà náà ní kí wọ́n fara balẹ̀ kó búlọ́ọ̀kù wọn, òun kò kánjú. Ó bá wa gbé ilẹ̀kùn náà sínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Mo lọ sọ́dọ̀ Bàbá Akọ̀wé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n bèèrè ìyá mi, mo dáhùn. Wọ́n bèèrè ìlera, mo dáhùn. Nígbà tí a kí ara wa tán, wọ́n mú ìwé kan jáde tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ tí áàpù ti ta ilé Alága, wọ́n fi bírò fa ìlà sábẹ́ ìkíni. "Ibí ni o ti gé e lọ́rọ̀," wọ́n ní. Ìlà kóòdù kan ṣoṣo ni mo fi tún un ṣe: fo ìkíni kọjá, kí o tó wá orí. Ìlà kan.

Kò tán síbẹ̀, nítorí Ìkòsì ni a wà. Mo gbé áàpù tuntun lọ fún Alága. A tẹ gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ìdílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Pupa, pupa, pupa, títí dé ìparí, àfi ilẹ̀ mẹ́ta tí gbogbo wọn wà nínú omi. Alága nu ojú. Ó ní, "Ẹnjiníà, èyí tó ń sọ òótọ́ yìí á lé àwọn oníbàárà wa lọ o. Ṣé kò ṣeé dá padà sí ti tẹ́lẹ̀ ni?" Mo ní kò ṣeé ṣe. Ó wá ẹlòmíì, tí kóòtù rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Mo gbọ́ pé àwọ̀ ewé ti padà.

Ọmọ ìdílé tó ta ilẹ̀ fún Àǹtí Mojí kò gbé fóònù mọ́. Ìdílé ṣèlérí ilẹ̀ mìíràn fún wọn. Nọ́ńbà tí wọ́n bá mú wá, ọ̀dọ̀ Bàbá Akọ̀wé ni Àǹtí Mojí máa ń gbé e lọ báyìí, tààrà sí sikirípìtì àtijọ́. Á kí wọn tilé-tilé, á sì sọ fún wọn pé ilẹ̀ ti ní olúwa.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò sí nínú ìwé kankan tí mo kà. Mo rò pé ìkíni ń fi àkókò mi ṣòfò, kò yé mi pé ẹni tó ń kí mi ń fi ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ hàn mí. Mo sì mọ̀ báyìí pé nígbà tí ènìyàn bá pe ohun tí kò yé e ní pàǹtí, kò sí ohun tí ó lè rí nínú rẹ̀ mọ́, bí wọ́n bá tilẹ̀ kà á sí i létí.

Ilẹ̀kùn náà ti padà sí Alápẹ̀rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, aṣọ ti padà sí i lára. Bí mo bá lọ kí Àǹtí Mojí, àárín yàrá ni wọ́n máa ń dá mi dúró sí, wọn kì í jẹ́ kí n jókòó. Wọ́n á tọ́ka sí i. Èmi á lọ, màá kan ilẹ̀kùn tí ògiri wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta ni?" wọ́n á ní, lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, wọn ò wo ọ̀dọ̀ mi.

"Èmi ni, Àǹtí."

"Kí mi dáadáa ná."

Mo máa ń kí wọn. Mo máa ń kí wọn tilé-tilé, láti orí dé ìsàlẹ̀, mo máa ń kí wọn kú àìsùn, kú ìfaradà, kú ilé tí kò sí. Nígbà tí mo bá kí wọn tán, àwa méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín. Tiwọn ló máa ń kọ́kọ́ tán.